Àbà tí Sọ́ńdè Rẹ̀ Bọ́ sí Mọ́ńdè

Ọ̀sẹ̀ kan wà láyé mi tó ní Sọ́ńdè méjì. Ọ̀kan tẹ̀lé èkejì láìsí ọjọ́ kankan láàárín wọn, mo sì wọ aṣọ funfun fún méjèèjì. Nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Mo jẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Aramọkọ, ẹni ọdún méjìlélógún, mo sì gbà tọkàntọkàn pé iṣẹ́ Ọlọ́run kò lè lọ déédéé lágbègbè yẹn bí kò bá sí èmi níbẹ̀. Mo ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì, mo ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, mo sì máa ń fi ojú àánú wo àwọn tí kì í wá gbá a.

Òjò ọdún náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ọlidé gígùn, Àlùfáà wa kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn ará wa tó wà ní àbà kan lẹ́yìn Erio ti há sódìkejì odò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Odò ti gbé afárá onígi wọn lọ, ẹni tó wà ní àbà ò lè jáde, ẹni tó wà nílé ò sì lè wọlé lọ bá wọn. Omi ti wá fà báyìí, wọ́n sì ti fi igi méjì dábùú rẹ̀. Ta ló máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, láìgba kọ́bọ̀, láti lọ kí wọn, kó bá wọn ṣe ìsìn, kó sì kọ́ wọn ní orin tí a ó kọ níbi ìdúpẹ́ ìkórè? Kí Àlùfáà tó sọ̀rọ̀ náà tán, ọwọ́ mi ti wà lókè. Ìyá mi tó jókòó lẹ́yìn mi fà mí láṣọ, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lára.

Mo gbéra ní ọjọ́ Sátidé. Mọ́tò gbé mi dé Erio, àgbẹ̀ kan tó ń lọ wo oko rẹ̀ sì mú mi wọ inú igbó kòkó. Bàtà funfun ni mo wọ̀, nítorí mo rò pé ohun tó yẹ oníwàásù nìyẹn. Nígbà tí a dé odò, ó fi ọ̀nà hàn mí, ó yà sí oko rẹ̀. Mo bọ́ bàtà mi, mo dì í mọ́ ẹrù orí mi, mo sì fi ọwọ́ àti orúnkún rákò kọjá lórí igi méjèèjì. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo gbóòórùn kòkó tí wọ́n ti bò mọ́ inú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òórùn kíkan bíi ti ẹmu àná, mo sì mọ̀ pé mo ti súnmọ́ ibi tí ènìyàn wà. Bí ilé méjìlá ló wà níbẹ̀, alámọ̀ ni gbogbo wọn, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré onípáànù kan láàárín wọn àti yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àlejò ìjọ máa ń sùn sí.

Bàbá Ìjọ ló gbà mí. Àgbàlagbà tó ga, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sáré sọ̀rọ̀. Òun ló dá ìjọ náà sílẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wá gbin kòkó síbẹ̀. Òun ló ń wàásù, òun ló ń ka Bíbélì, òun náà ló ń lu agogo, ìyẹn irin ẹsẹ̀ mọ́tò kan tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sórí igi ọsàn. Ìyàwó rẹ̀ gbé iyán wá fún mi, ìyá jẹ́jẹ́ kan tó jẹ́ pé ẹ̀rín ló máa ń fi dáni lóhùn. Nígbà tí mo jẹun tán, Bàbá ní, "Ẹ kú ìrìn, Tíṣà. Ẹ lọ sinmi o. Ulé Ọlọ́run la ó ti ríra." Mo lọ, mo sì sùn lọ fọnfọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ funfun, mo mú Bíbélì àti ìwé orin, mo sì lọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró títí, mi ò gbọ́ agogo. Láti ojú fèrèsé, mo ń rí àwọn ọkùnrin tó gbé àdá àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń já kòkó, àwọn obìnrin ru agbọ̀n tẹ̀lé wọn, gbogbo wọn ń lọ sóko. Wọ́n ń kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín bí wọ́n ti ń kọjá. Ẹyọ ènìyàn kan ló wọlé: obìnrin kan tí kò lè fi ju ọdún mẹ́ta lọ jù mí lọ, ó pọn ọmọ, ó wọ bùbá funfun, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó fara ti ògiri lẹ́yìn pátápátá. Mo ní kó máa bọ̀ níwájú. Ó ní, "Ẹ ṣé, Tíṣà. Ibí ni wọ́n ní kí n máa jókòó sí." Mi ò bi í pé ta ló ní bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì kọ orin kan, a gbàdúrà, ọmọ rẹ̀ sunkún, ìsìn parí.

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré láìsí ẹni tó ń bojú tó wọn, wọ́n ti padà sínú ayé! Nígbà tí wọ́n ti oko dé lọ́sàn-án, mo dúró sábẹ́ igi ọsàn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Òfin Mẹ́wàá sí wọn létí láti orí ìkínní. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, tó ní ká rántí ọjọ́ ìsinmi, mo gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́ dáadáa. Kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń wò mí. Ìyá àgbà kan sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó sì wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi bóyá ibà ló ń ṣe mí.

Bàbá Ìjọ ló wá sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Tíṣà, Sátidé mà lòní. Ọ̀la ni Sọ́ńdè."

Mo rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá mi rẹ́rìn-ín.

Ó mú mi lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Igbá kékeré méjì wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì rẹ̀. Hóró kòkó gbígbẹ mẹ́fà ló ní, àti òkúta funfun kan. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, yóò mú ọ̀kan láti inú igbá ọ̀tún sínú igbá òsì, ọjọ́ tó bá sì kan òkúta funfun ni Sọ́ńdè. Lọ́jọ́ náà, òkúta yẹn nìkan ló kù nínú igbá ọ̀tún, ó ń dúró de àárọ̀ ọ̀la. Bàbá ní láti ọdún mọ́kàndínlógún tí òun ti ń ṣe é, òun ò ṣì í rí, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò sí ohun mìíràn láyé tó ń fi yangàn. Tẹ́lẹ̀, bó bá tilẹ̀ ṣì í, ẹni tó bá lọ sílé máa mú òótọ́ ọjọ́ bọ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ẹnikẹ́ni ò lọ sílé. Ẹyọ rédíò kan tó wà ní àbà, bátìrì rẹ̀ ti kú. Ọrọọrún ni ọjọ́ ọjà wọn, ọjà kì í sì bèèrè Sọ́ńdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú igbá méjèèjì yẹn nìkan ni Sọ́ńdè gbogbo wọn wà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé èmi fúnra mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Mi ò mú kàlẹ́ńdà wá. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, mo ń fi ìka kà á: Ọjọ́bọ̀ ni mo fọ aṣọ, Fúráìdé la ṣe ìdánrawò orin, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo wọ mọ́tò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, Sọ́ńdè náà ni. Mo bá gbójú sókè wo àwọn ènìyàn bí ogójì tí wọ́n ń fọ abọ́, tí wọ́n ń sá kòkó, tí ọkàn wọn balẹ̀ dẹ́dẹ́ pé Sátidé ni. Mo tún kà á.

Ibẹ̀ ni obìnrin tí àwa méjèèjì jọ ṣe ìsìn ti wá bá mi. Ìyàwó káfíńtà ni wọ́n ń pè é. Ọmọ àbà náà ni ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní ìlú kan lápá Ọ̀ṣun ló fẹ́ ẹ wálé. Ó ń pe ilé ní ilé níbi tí gbogbo wọn ti ń pè é ní ulé, àwọn ọmọdé sì máa ń sín in jẹ. Ó mú mi lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀ láti wo adìyẹ kan tó ń kó ọmọ mẹ́jọ jẹ̀.

"Tíṣà, Sọ́ńdè tó ṣáájú ọjọ́ tí odò gbé afárá lọ, bí a ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì báyìí ni mo kó ẹyin sábẹ́ adìyẹ yìí. Gbogbo wa la jọ gbà pé Sọ́ńdè ni nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni adìyẹ fi ń sàba. Sọ́ńdè ló yẹ kó pamọ. Ọjọ́ tó pamọ, Bàbá ní Sátidé ni."

Ó ti lọ sọ fún Bàbá Ìjọ. Bàbá ní òun ò mọ̀ pé adìyẹ ti di ọmọ ìjọ. Gbogbo àbà fi rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ mélòó kan. Àmọ́ obìnrin yìí ò gbà. Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ tí wọ́n bá pè ní Sátidé, òun nìkan á wọ aṣọ funfun lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí wọ́n bá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gbé agbọ̀n lọ sí oko kòkó ọkọ rẹ̀. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n bá a wí. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni kó máa jókòó sí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìjọ dájọ́ pé bí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ bá dé, tí kò kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn kó sọ pé òun ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìjọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá ọkọ rẹ̀ ṣe àáró mọ́. Láti ìgbà yẹn gan-an, kò sí ẹni tó tún bá tọkọtaya náà lọ sóko.

Ẹni tí kò gbé àbà rí lè má mọ bí èyí ṣe wúwo tó. Àáró ni pé gbogbo ọwọ́ á pé sóko tèmi lónìí, á pé sóko tìrẹ lọ́la, títí á fi kárí. Tọkọtaya kan pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ ò lè dá kòkó já, kí wọ́n fọ́ ọ, kí wọ́n rù ú wálé kó tó bàjẹ́. Kòkó káfíńtà ti pọ́n kọjá àlà, òmíràn ti ń dúdú lórí igi. Káfíńtà ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí kòkó náà bá fi lè rà tán nítorí agídí rẹ̀, òun á mú un padà lọ sílé bàbá rẹ̀. Ọ̀la ni Sọ́ńdè tí wọ́n dá fún un.

"Kíkúnlẹ̀ ò le," ó ní. "Kí ni màá wá sọ?"

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo dá a lóhùn gan-an, mi ò ní tún un ṣe. Mo ní kó kúnlẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, Ọlọ́run mọ ọkàn, kó ṣe é kí àlàáfíà lè wà. Mo tilẹ̀ fi ẹsẹ Bíbélì kan tì í lẹ́yìn. Ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ̀yin náà gbà pé Sátidé lòní?" Mo ní, "Sọ́ńdè ni, ṣùgbọ́n..." Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn kí n máa tú ìdí nǹkan, ìyẹn ló sì gbé mi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ìjọ nírọ̀lẹ́, kì í ṣe ìfẹ́ òdodo. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí ọjọ́ kan gbà sọnù ni. Mo bi í bóyá àìsàn ti ṣe é rí tí kò fi lè mú hóró kòkó rẹ̀. Ó ní ibà dá òun dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí afárá lọ. "Àmọ́ bí mo ṣe lajú báyìí, mi ò tíì bèèrè omi, hóró kòkó ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé wá." Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rí i, òun náà sì rí i pé mo rí i. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó o lọ. Ó yẹ kí n bi í léèrè níbẹ̀, mo kàn ní ó dàárọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, agogo ró. Mo tún aṣọ funfun kan náà wọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kún, wọ́n kọrin débi tí páànù fi ń gbọ̀n, kí n má purọ́, ìsìn náà dùn mọ́ mi nínú ju ti àná lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n ka Bíbélì, Bàbá Ìjọ pe ìyàwó káfíńtà síwájú. Ọkọ rẹ̀ rọra tì í léjìká. Ó rìn bọ̀ láti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, ó dé iwájú, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mo kúnlẹ̀ fún yín torí ẹ̀yin ni bàbá mi níbí. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Mi ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Olúwa."

Ẹnì kan pòṣé lápá ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Bàbá Ìjọ yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ti ulé wá. Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tó ń sọ?" Obìnrin náà gbójú sókè, òun náà ń wò mí. Mo wo bàtà mi. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Mo wò ó títí, n kò sọ ohunkóhun.

Ìyàwó Bàbá ló dìde. Ìyá tí mi ò tíì gbọ́ kó sọ gbólóhùn mẹ́ta pọ̀ rìn jáde láàárín àwọn obìnrin, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó káfíńtà.

"Bàbá, urọ́ kọ́ lọmọ yìí ń pa. Ugbà tí ibà mú yín, ẹ sùn ọjọ́ kan gbáko. Oòrùn yọ, oòrùn wọ̀, ẹ ò jí. Ọjọ́ kejì lẹ lajú tẹ́ ẹ ní kí n gbé igbá wá. Mo rò pé ẹ mọ̀. Ugbà tí mo fi mọ̀ pé ẹ ò mọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ulé Ọlọ́run. Ẹ̀rù bà mí kí wọn má fi yín rẹ́rìn-ín."

Mo rò pé Bàbá Ìjọ yóò bínú. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó tún un fi sójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi tí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀ níwájú obìnrin tó lè jẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn sáré dìde láti gbà á mú. "Dìde, ìyá mi," ó sọ fún un. "Jọ̀ọ́, dìde." Ó wá kọjú sí ìjọ. Ó ní, "Ẹ lọ bọ́ aṣọ. Òní kì í ṣe Sọ́ńdè, Mọ́ńdè ni. Kòkó káfíńtà ń rà lórí igi, ibẹ̀ là ń lọ."

Gbogbo àbà ló lọ. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí: àwọn tó ń kọrin níṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn ti ya wọ inú oko pẹ̀lú àdá, wọ́n ń já, wọ́n ń kó jọ, wọ́n ń fọ́, káfíńtà ń sáré láti ìdí igi kan dé òmíràn, kò mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Ìjọ fọ́ kòkó títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, Sọ́ńdè gidi, ó ní kí ẹlòmíràn darí ìsìn, òun fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó ní Sọ́ńdè mẹ́ta lòun máa lò níbẹ̀. Igbá méjèèjì ti wà lọ́wọ́ ìyàwó káfíńtà nígbà náà.

Lóko lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, wọ́n fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó káfíńtà láti máa yọ hóró kòkó nínú èyí tí wọ́n ti fọ́. Nígbà tí kò ku ẹnikẹ́ni nítòsí, mo kúnlẹ̀ sórí èèpo kòkó, mo ní kó jọ̀ọ́, kó dárí jì mí. Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró.

"Ẹ dìde, Tíṣà, ilẹ̀ tutù. Mo ti dárí jì yín." Ó yọ hóró kòkó kan tán, ó mú òmíràn. "Ti Bàbá ò tiẹ̀ dùn mí. Bàbá ò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀."

Kò bínú sọ ọ́. Ó na èyí tó kàn sí mi, mo gbà á, a sì ń bá iṣẹ́ lọ títí oòrùn fi rọ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, mo sì ti ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ìjọ láti ìgbà yẹn, láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Ìjerò. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ jáde lọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń pè mí kí n wá sọ ohun tí mo kọ́ àwọn ará oko. Orin mẹ́ta ni mo kọ́ wọn, mo sì gbọ́ pé wọ́n ti gbàgbé méjì. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ, tí wọ́n ń wá ẹni tó máa bá aláìṣẹ̀ sọ̀rọ̀ kó lè tọrọ àforíjì kí nǹkan lè rọlẹ̀, wọn kì í ránṣẹ́ sí mi mọ́. Wọ́n ní mo le.

Mi ò mọ ibi tí ìyàwó káfíńtà wà lónìí. Wọ́n ní wọ́n ti kó kúrò ní àbà náà tipẹ́. Bí mo bá pàdé rẹ̀, mi ò ní tún bẹ̀bẹ̀, nítorí ó ti dárí jì mí. Mo kàn fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tó yẹ kí n ti fi dá Bàbá Ìjọ lóhùn nígbà tó bi mí níwájú gbogbo wọn: Mo gbọ́, Bàbá. Òótọ́ ló sọ. Àná ni Sọ́ńdè, àwa méjèèjì la sì jọ ṣe ìsìn.